Orúkọ Tí Mi Ò Lè Kọ

Bertrams, Johannesburg.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2012.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Ìdí tábìlì ìdáná wa ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, omi ìrẹsì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Délé ọkọ mi ní kí n kí yín. Bùkúnmi náà kí yín, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi kí yín, ẹ má bínú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n bí síbí ni. Yorùbá tí mo bá fi sọ ọ̀rọ̀ lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá a padà. Ẹ ní etí yín kò gba fóònù mọ́, pé ohùn mi ń dún bí ẹni tó wà nínú àmù. Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sí bébà àti bírò, inú mi sì dùn sí i, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù.

Bàbá, mo ti padà sílé ìwé.

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka ìyókù. Ọmọ yín, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì jókòó láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Ẹ mọ̀ pé mo ti fi irun dídì sílẹ̀ ní Berea nítorí ìka ọwọ́ tó ń ro mí, àti pé jẹ́lé-ó-sinmi kan ládùúgbò wa ni mo ti ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Lẹ́yìn Kérésì, ìyá tó ni ibẹ̀ pè mí. Ó ní òun ò ní fi ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí sídìí ọmọ mọ́. Ó ní bí mo bá ti wà ní kọ́lẹ́jì, òun máa jẹ́ kí n máa bá iṣẹ́ lọ títí n ó fi ṣe tán. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, kí n wá ibòmíràn gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò rí kíláàsì wa. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń wo àwọn ọmọ tí ń kọjá pẹ̀lú nǹkan létí wọn, mo sì fẹ́ máa lọ sílé. Obìnrin kan wá jókòó tì mí, Mama Zodwa ni wọ́n ń pè é. Òun ló ni ọ́fíìsì kan nísàlẹ̀ ilé náà, tó wà fún àwa àgbà tí a padà wá kàwé. Ó ní ogún ọdún lòun fi lọ aṣọ fún àwọn ènìyàn kí òun náà tó padà sílé ìwé. Ó fún mi ní tíì. Ó fa ilà sórí bébà, ó ní kí n kọ gbogbo wákàtí ọ̀sẹ̀ mi sí i: iṣẹ́, oúnjẹ sísè, ṣọ́ọ̀ṣì, oorun. Ó wá fi ìka kan àyè funfun díẹ̀ tó ṣẹ́ kù. "Ibí yìí ni ilé ìwé rẹ," ni ó wí. "Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà."

Bàbá, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Nínú taxi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì kékeré níbí, mo máa ń tòògbé, màá sì rí kíláàsì yín, eruku ṣọ́ọ̀kì tó ń fò nínú oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé, àti ọwọ́ yín lójú pátákó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Wọ́n ní ká kọ àròkọ lórí bí ọmọ ṣe ń mọ ìwé kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní yín. Kí ẹ má sì bá mi jà nípa ti 1993.

Ọmọ yín,
Morádéyọ̀.


Ilé Adéoyè, Òkè-Ọjà,
Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹta, 2012.

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀ẹ̀kan fún ìròyìn, ẹ̀ẹ̀kan fún àṣìṣe, ẹ̀ẹ̀kan fún ìgbádùn. Àṣìṣe mẹ́rin ni mo rí. Mo ti fi bírò pupa sàmì sí wọn, ṣùgbọ́n mi ò ní dá a padà fún ọ, torí ìwé náà ti di tèmi.

O ní kí n má bá ọ jà nípa ti 1993. Ta ló ń bá ọ jà? Mo kàn fẹ́ rán ọ létí pé ọdún kan péré ló kù kí o parí ní kọ́lẹ́jì olùkọ́ni, tí o fi dìde, tí o tẹ̀lé ọkọ lọ sí òpin ayé. Délé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ọkọ tó fẹ́ràn ènìyàn lè dúró fún ọdún kan. Àpótí ìwé rẹ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi. Mo máa ń gbé e síta oòrùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ikán ò dé ibẹ̀. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń bi mí pé ta ni mò ń tọ́jú rẹ̀ fún. Wàyí o, ìgbàkígbà tí ènìyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀. Káàárọ̀ o, ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà. Ní ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú, mi ò tíì rí ọmọ tí kò lè kàwé. Ohun tí mo rí ni ọmọ tí a fún ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kà kí ó tó ka tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá dé láàárọ̀, n ó pè wọ́n sídìí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó ní, "Kí lo rí lójú ọ̀nà?" Ohun tó bá sọ ni n ó kọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, mi ò ní tò ó fún un. Ọmọ náà á wo bébà, á sì kà á, torí ó ti mọ̀ ọ́n kó tó kà á. Á mú un lọ sílé. Ní tàámù kẹta, wọ́n á ti máa ka ti ara wọn, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà pé, "Irọ́ ni, kò sí ejò lọ́nà yẹn." Kò sí èyí nínú ìwé kankan tí wọ́n fún wa. Orí ara mi ni mo ti rí i.

Ní ọ̀sán, bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oorun máa ń gbé mi lọ díẹ̀ kó tó dá mi padà. Lánàá ó gbé mi lọ sí kíláàsì kan tí kò ní ògiri, koríko ló yí i ká. Ìwọ lo jókòó lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú báàgì rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́, o sì tún jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, kò sì yà mí lẹ́nu. Mo pe orúkọ rẹ láti inú rẹ́jísítà. O dáhùn.

Jókòó sí iwájú. Ẹ̀yìn kò dára fún ọ, o máa ń sùn.

Bàbá rẹ.


Bertrams, Johannesburg.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2012.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òtútù ti dé síbí. Koríko ti di funfun láàárọ̀, èéfín igi ìdáná sì ń ràbàbà lórí òrùlé gbogbo àdúgbò bí ẹni pé ilẹ̀ kò fẹ́ mọ́. Súẹ́tà tí ẹ rí nínú ẹrù yìí, èmi ni mo hun ún. Ẹnjiníà Ọláwọlé ló bá mi gbé e. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, Sandton ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ sì máa ń gbé e lọ sí Èkó lóṣooṣù. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kí n má lọ sí ìfìwéránṣẹ́ mọ́, òun á máa fi lẹ́tà wa lé awakọ̀ Iléṣà lọ́wọ́.

Mo ti jókòó sí iwájú. Mo ṣì ń tòògbé.

Bàbá, mo dán ọ̀nà yín wò pẹ̀lú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wa. Èdè wọn kò jọra: Zulu, Shona, Faransé àwọn ará Kóńgò, àti ọmọ wa méjì tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ọmọbìnrin ará Kóńgò kan wà láàárín wọn tí kò sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà tó ti dé, oṣù méjì gbáko. Mo máa ń pè é sídìí tábìlì, màá bi í, "Kí lo rí lójú ọ̀nà?" Yóò wo mí, èmi náà á wò ó, bébà náà á wà ní funfun. Mo fún un ní bébà funfun náà pé kó mú lọ sílé, torí kò sọ nǹkan kan, ìyẹn náà ni mo kọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó fi ẹnu sún mọ́ etí mi. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń gbọ́ lẹ́nu wa sọ pé, "Òjò ń sùn lórí òrùlé wa." Mo kọ ọ́. Ó kà á fún mi. Ó kà á fún gbogbo ènìyàn, ó kà á fún ajá tó wà lẹ́nu géètì. Mo wọ yàrá ìdáná lọ, mo sì sunkún sínú aṣọ ìnuwọ́.

Mo ti kọ àròkọ náà, mo sì ti fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ni mo fi ṣe òpó rẹ̀. Nígbà tí mi ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀, Mama Zodwa ní kí n gbé ọwọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Sọ ọ́ kí o tó kọ ọ́," ni ó wí. "Sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé à ń bó ọ̀dùnkún." Mo sọ ọ́. Ó ní ó dára, kí n lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé lẹ́tà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, mo ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lọ ní tèmi, ó sì dà bí ẹni pé ẹ wà nínú yàrá, tí ẹ ń pè é, tí mo ń kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ìparí, ohun kan wà tí mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá kì í ṣe nǹkan.

Ẹ bá mi gbàdúrà fún máàkì rere. Kí ẹ sì wọ súẹ́tà náà, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí.

Ọmọ yín,
Morádéyọ̀.


Bertrams, Johannesburg.
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹjọ, 2012.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ìwé yìí kò ní gùn, torí Ẹnjiníà Ọláwọlé ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Wàhálà dé. Olùkọ́ wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, àròkọ mi wà níwájú rẹ̀. Ó fi ìka sí ibì kan, ó ní kí n kà á. Mo kà á: "Ní ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú." Ó ní, "Ìyáàfin, ọmọ ọdún mélòó ni yín?" Mo ní mọ́kànlélógójì. Ó ní, "Ṣé ọmọ ọdún márùn-ún ni yín nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà?" Bàbá, bí ilẹ̀ bá lanu ni, mo máa wọlé. Mo ti tú ọ̀rọ̀ yín débi pé mo tú ẹ̀yin fúnra yín mọ́ ọn.

Ó ní mo jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ìgbìmọ̀ kan máa jókòó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá. Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, wọ́n máa lé mi, iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi náà á sì lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun ló fún mi, òun sì gbà kí n lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́.

Mi ò dárúkọ yín nínú àròkọ náà. Ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀ báyìí, ó ṣòroó sọ.

Morádéyọ̀.


Ilé Adéoyè, Òkè-Ọjà,
Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.
Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹjọ, 2012.

Morádéyọ̀,

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

O ní kí n má bi ọ́ ní ìdí rẹ̀. Mi ò bi ọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni bàbá rẹ, tó wọ ẹ̀wù dúdú, tó ní ìwé ńlá mẹ́wàá, ṣé o máa fi orúkọ rẹ̀ pamọ́? Tíṣà Grade Two ni mí. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ sílé ìwé, ṣòkòtò mi sì máa ń há sínú ṣéènì rẹ̀. Ìwọ náà máa ń jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà nígbà yẹn, ojú kò tì ọ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ẹ̀ṣọ́ nílé kì í sọ fún ará òde pé ojú ọ̀nà lòun ti hé e. O kó ẹrù mi wọlé àwọn alákọ̀wé, o sì fi èmi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, o mọ ìyókù. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Mi ò ní ìwé kankan tí mo fẹ́ kọ sí ìgbìmọ̀ kankan. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀.

Súẹ́tà náà kéré.

J. Adéoyè.


Bertrams, Johannesburg.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, 2012.

Bàbá mi,

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò ní dìde títí ẹ ó fi ka èyí tán.

Ẹ wo bébà tó wà nínú ìwé yìí. Ọwọ́ olùkọ́ wa ni mo ti gbà á; òun ló sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí a bá lo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fa ilà sábẹ́ ibi tó kàn wá. Ó ní orúkọ ìdílé nìkan, àti ọdún. Ẹ ò gbọdọ̀ fi Ọ̀gbẹ́ni ṣáájú rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fi Dókítà tàbí Àlùfáà ṣáájú rẹ̀. Orúkọ lásán, bí ẹ ṣe ń pe ẹgbẹ́ yín tó wà ní òdìkejì títì.

Bàbá, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn fún odindi ọ̀sán Sátidé kan. Mo kọ́kọ́ kọ "Bàbá mi, Tíṣà Adéoyè." Bùkúnmi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Eish, Mummy, you can't write that. Just put Adéoyè." Ó pè é bẹ́ẹ̀, gbẹrẹfu. Mo ní kó tún orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ pè bẹ́ẹ̀ kó wò ó. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Mo wá gbìyànjú. Mo tẹ A. Mo tẹ d. Ọwọ́ mi dúró.

Ẹ rántí pé nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, mo gbọ́ bí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ yín ṣe ń pè yín. Lọ́jọ́ kan, mo dúró lágbàlá, èmi náà ní, "Adéoyè! Oúnjẹ ti tútù o!" Màmá gbá mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ètè mi wú. Wọ́n ní, "Ẹnu tí o fi ń mu ọmú ni o fi pe bàbá rẹ lórúkọ?" Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin nìyẹn, ẹnu náà ṣì ń ta mí. "Adéoyè sọ pé." Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀, kí àlejò kà á, kó sì rò pé báyìí ni mo ṣe ń pè yín? Mo pa A rẹ́. Mo pa d rẹ́. Mo rò pé bí mi ò bá lè pè yín bó ṣe yẹ, ó sàn kí n má pè yín rárá. Ìwà òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mi ò tijú yín rí láyé mi. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni ọkọ̀ tó dára jù tí mo tíì wọ̀.

Mo sọ fún Mama Zodwa. Ó ní láàárín àwọn tiwọn náà, ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lòun fi yí ẹnu padà fún gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jọ orúkọ náà. Ó mọ ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n ó ní ìgbìmọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ìwọ kọ́ ló lè tú orúkọ yẹn sílẹ̀. Ẹni tó ni ín ni."

Ẹ̀yin lẹ ni ín, Bàbá.

Morádéyọ̀.


Bertrams, Johannesburg.
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án, 2012.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìjókòó. Ẹnjiníà Ọláwọlé lọ, ó bọ̀, kò mú nǹkan kan dé. Ó ní awakọ̀ Iléṣà sọ pé òun fi ìwé mi lé yín lọ́wọ́, ẹ sì gbà á. Ó tún ń lọ lọ́la.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù. Igi kan wà ní ìdí títì wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan òdòdó. Àwọ̀ àlùkò ni, ó máa ń já sílẹ̀ láìdún, tí ènìyàn á fi máa rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lójú àlá. Ní gbogbo ọ̀sán, ààrá máa ń sán, òjò á rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, oòrùn á sì padà. Lánàá mo sùn lọ nínú taxi. Mo rí yín pẹ̀lú rẹ́jísítà. Ẹ ń pe gbogbo ènìyàn, wọ́n ń dáhùn. Ẹ dé ibi tèmi, ẹ ṣí ojú ìwé kọjá, ẹ ò pè mí.

Bí ẹ ò bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn, ẹ kọ sí èmi nìkan. Kódà kó jẹ́ àṣìṣe mi ni ẹ fi bírò pupa sàmì sí.

Morádéyọ̀.


Ilé Adéoyè, Òkè-Ọjà,
Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kẹwàá, 2012.

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Dìde lórí ìkúnlẹ̀. Orúnkún rẹ kì í ṣe ti ọmọdé mọ́.

Ìwé rẹ méjèèjì wà níwájú mi. Èyí tí o fi bébà olùkọ́ rẹ sí, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo bínú sí ara mi. Ní ìgbà kejì, mo rẹ́rìn-ín débi pé Safurat, aránṣọ tó wà nílé kejì, sáré wọlé wá wò bóyá nǹkan ń ṣe mí. Ní ìgbà kẹta mo sunkún, mi ò sì tijú àtisọ ọ́. Ó wá ṣòro fún mi láti mú bírò. Àgbà tó bá ti ṣi ọmọ rẹ̀ lóye máa ń wá ibi tó máa gbà padà wọlé, ẹnu ọ̀nà náà sì máa ń há.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Ní 1968, ìsìpẹ́kítọ̀ kan wọ kíláàsì mi. Ó rí bébà àwọn ọmọ lára ògiri, ejò lọ́nà, ewúrẹ́ tó jẹ iṣu, gbogbo rẹ̀. Ó dúró síwájú àwọn ọmọ mi, ó ní, "Adéoyè! Ta ló kọ́ ọ ní ìranù yìí?" Gbẹrẹfu, bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ajá. Ó ní kí n já gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo já a kúrò. Nígbà tó lọ, mo lẹ̀ ẹ́ padà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, orúkọ mi láìní nǹkan níwájú, ìwọ̀sí ló ń dún ní etí mi. Bóyá ìyá rẹ mọ̀ ọ́n, tó fi gbá ọ lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, tí mo fi ọwọ́ bo ẹnu, tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ràn. Ó pe orúkọ mi bí ẹni pé oúnjẹ náà dun òun jù mí lọ.

Mo wo bébà olùkọ́ rẹ dáadáa. Mo rí àwọn orúkọ tó fi ṣe àpẹẹrẹ. Safurat bá mi wá wọn lórí fóònù rẹ̀, ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, wọ́n sì ti kọ ìwé rẹpẹtẹ. Gbogbo wọn ló wà níhòhò níbẹ̀, ọmọ mi, kò sí fìlà, kò sí agbádá, kò sì sí ẹni tí òtútù ń mú nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń bu ọlá fún ènìyàn níbẹ̀, kí ni èmi ń fi agbádá ṣe?

Nítorí náà, èmi Jòsáyà Adéoyè, bàbá rẹ, fi ẹnu ara mi yọ̀ǹda fún ọ. Pe orúkọ mi. Má fi Bàbá sí i, má fi Tíṣà sí i. Pè é kó dún. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mo ti wà láyé, orúkọ mi kò tíì wọ ibì kankan ju rẹ́jísítà àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì lọ.

Ìwé ìgbìmọ̀ rẹ ló wà nínú àpòòwé kejì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀.

Súẹ́tà náà kò kéré. Mo wọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, òógùn sì ń bò mí.

Bàbá rẹ.


Bertrams, Johannesburg.
Ọjọ́ Karùndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2012.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣé. Mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ìwé yín dé, ọjọ́ kan péré ṣáájú ìgbìmọ̀. Ẹnjiníà Ọláwọlé kò dé ilé rẹ̀ láti pápákọ̀ òfúrufú. Ọ̀dọ̀ wa ló wakọ̀ wá tààrà, pẹ̀lú báàgì rẹ̀ nínú mọ́tò. Mo kà á lẹ́nu géètì. Òdòdó àlùkò ń já lé mi lórí, mi ò mọ̀.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Mama Zodwa bá mi wọlé. Wọ́n ka ìwé yín sókè, èyí àgbà nínú wọn sì tún ibì kan kà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n sọ ìdí tí mi ò fi dárúkọ yín. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń bó ọ̀dùnkún: àgbàlá wa, ọwọ́ Màmá, A àti d. Mo tẹ́ bébà ọmọbìnrin ará Kóńgò náà sórí tábìlì, òjò tó ń sùn lórí òrùlé wọn. Olùkọ́ wa wò ó pẹ́. Wọ́n ní wọn ò ní lé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n gé máàkì mi, wọ́n sì ní kí n tún àròkọ náà kọ kó tó di Mọ́ńdè, kí ọ̀rọ̀ mi jẹ́ tèmi, kí tiyín jẹ́ tiyín, kí orúkọ sì wà níbi tó yẹ. Mo rò pé wọ́n ṣe é dáadáa. Ó yẹ kí wọ́n gé e.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo lọ sí ọ́fíìsì Mama Zodwa. Òjò ń bọ̀, yàrá náà ṣú díẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo kọ tèmi, mo dé ibi tiyín. Mo gbé àga sẹ́yìn, mo sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, orúnkún méjèèjì. Mama Zodwa ní, "Ṣé nǹkan rẹ bọ́ sílẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá, Ma. Bàbá mi ni mò ń kí."

Mo wá dìde, mo jókòó, mo kọ ọ́: Adéoyè (2012). Mo pè é jáde bí mo ṣe ń kọ ọ́, kó dún, bí ẹ ṣe wí. Ìgbà mẹ́sàn-án lẹ wà nínú àròkọ náà. Mo fi bébà tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sínú ìwé yìí, èyí tí a to orúkọ gbogbo ẹni tí mo lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Ọmọ yín,
Morádéyọ̀.


Ilé Adéoyè, Òkè-Ọjà,
Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kọkànlá, 2012.

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Bébà náà dé. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́wàá àti èmi. Mo rí i pé èmi ni mo ṣáájú gbogbo wọn. Safurat ní torí pé A ni orúkọ mi fi bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ní kó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ìdojúkọ àga ìyá rẹ. Lọ́sàn-án, oorun gbé mi lọ sí kíláàsì tí kò ní ògiri náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ lo wà níwájú, ìwọ lo di rẹ́jísítà mú, èmi ni mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. O wo ìwé, o gbé orí sókè, o pè mí, gbẹrẹfu.

Etí mi ò gbọ́ fóònù mọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo jẹ́ ọ.

Bàbá rẹ,
Adéoyè.